yọ

ọ̀rọ̀-ìṣe, ohùn àárín. Ọ̀rọ̀-orúkọ: yíyọ.

1. Láti mú ohun kan jáde kúrò nínú ohun mìíràn tí ó gbà á mọ́ra. Ó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Wọ́n yọ ìgbín nínú ìkarahun.

2. (ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì) Láti mú èròjà kan, pàápàá DNA tàbí purotéènì, jáde láti inú ẹ̀jẹ̀, itọ́, ewé tàbí èso, kí a lè yẹ òun nìkan wò. DNA àwọn Yorùbá kan ní Ìbàdàn, tí a yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ wọn, wà lára èyí tí iṣẹ́ àgbáyé HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, lò.

Àlàyé ìlò

Ẹ kíyè sí ohùn. Yọ́, pẹ̀lú ohùn òkè, ni kí ohun dídì di olómi: òrí yọ́ nínú oòrùn. Yọ̀, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ni kí inú ẹni dùn, tàbí kí ọwọ́ má lè di nǹkan mú: ẹja àrọ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé lórí tábìlì kan náà: ọṣẹ yọ́ ọ̀rá tí ó bo sẹ́ẹ̀lì, onímọ̀ yọ DNA inú rẹ̀, DNA náà sì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Iṣẹ́ mi ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, mo sì mọ bí ó ti yá wa lára tó láti bọ́ àmì ohùn kúrò kí àwárí lè rọrùn. Ẹ bọ́ ọ kúrò nínú gbólóhùn yẹn, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹ́kù.

Fún ọ̀rọ̀ inú ìwé tàbí dátà, fà yọ ni ó dára jù. Bí a bá fa gbólóhùn yọ nínú ìwé, ìwé náà ṣì wà bí ó ṣe wà. Bí a bá yọ DNA, sẹ́ẹ̀lì ti fọ́.

Àwọn tí ń ṣe ògì ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní ọ̀rọ̀ fún púpọ̀ nínú ohun tí láàbù ń ṣe: lọ̀, sẹ́, silẹ̀. Ẹ wò ó lára ìbẹ́pẹ pípọ́n. A tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ; a po omi, iyọ̀ àti ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ mọ́ ọn; a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí ni a rọra da sípírítì tí ó tutù nini gba ẹ̀gbẹ́ ife, kí ó lè léfòó lórí omi náà. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan funfun bí òwú yóò fara hàn níbi tí méjèèjì ti pàdé. DNA ni, bí purotéènì díẹ̀ tilẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọṣẹ ni ó tú sẹ́ẹ̀lì, DNA yòrò sínú omi, iyọ̀ àti sípírítì sì lé e jáde tí ó fi dì.

Ti láàbù kò yàtọ̀ púpọ̀, àfi pé ó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a fi ẹ́ńsáìmù kan sí i tí yóò jẹ purotéènì run, bí oje ìbẹ́pẹ dúdú ti ń mú ẹran líle rọ̀. Ẹ̀rọ tí ń yí kíkankíkan a sì mú kí pàǹtí silẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, ohun tí ògì ń fi odidi òru ṣe. Bí ó bá jẹ́ purotéènì ni wọ́n fẹ́, irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ di ọ̀tá, wọn a sì máa ṣiṣẹ́ lórí yìnyín kí èyí tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ má bàa ba iṣẹ́ jẹ́.

yọ àti yà

Àṣìlò ibí yìí lè pani lára. Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi láti ọdún 1907, èyí tí ó di ti Yunifásítì Bowen. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kì í ṣe àjèjì níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ sì ń béèrè ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan níbẹ̀ gba ìwé tí ó sọ pé AA ni òun. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó ku díẹ̀, ìwé kejì sọ pé AS ni, ẹ̀kẹta náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, “Ṣé wọn ò ti yọ jíìnì mi wò tẹ́lẹ̀ ni?”

Wọn kò yọ jíìnì kankan. Nínú àyẹ̀wò tí ó wọ́pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì pupa ni wọ́n ń fọ́, tí wọ́n sì ń fi purotéènì inú rẹ̀, hemoglóbìnì, sórí bébà tí a rẹ sínú omi èròjà kan, kí iná mànàmáná lè fà á lọ. A a sáré jù, S a tẹ̀ lé e, C a gbẹ́yìn. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi irú ọ̀nà yìí hàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1949 pé hemoglóbìnì àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀. Yà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: wọ́n ya hemoglóbìnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti dàgbà kò tilẹ̀ ní DNA nínú. Inú sẹ́ẹ̀lì funfun ni a ti ń yọ ọ́. Inú ọyún tí ó wà lára bàndéèjì, tí sẹ́ẹ̀lì funfun kún, ni Friedrich Miescher ti kọ́kọ́ rí i ní Jámánì ní ọdún 1869.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà lásán. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lónìí ni yíyà ń fi hàn: bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ AA sí ẹni tí ó jẹ́ SS lára, bébà lè pè é ní AS. C àti E a tún máa dúró sí ibì kan náà lórí bébà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni S àti D, C sì pọ̀ láàrin Yorùbá. Bí AS bá fẹ́ AC, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ààyè pé ọmọ lè jẹ́ SC. Ẹni tí ó bá gbọ́ “wọ́n ti yọ jíìnì rẹ” yóò rò pé kò sí ìbéèrè mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ “wọ́n ya hemoglóbìnì rẹ wò” lè béèrè pé ọ̀nà wo ni wọ́n fi yà á, kí ó sì ní kí a fi ọ̀nà mìíràn tún un ṣe.

Ó tọ́: Wọ́n ya hemoglóbìnì wọn wò ní Ọ̀yọ́. Wọ́n yọ DNA rẹ̀ kí wọ́n tó ka jíìnì náà.
Kò tọ́: Wọ́n yọ jẹ́nótáìpù mi.

Tún wo: yà, yọ́, yọ̀, fà yọ, sẹ́, silẹ̀.