Nígbà tí wọ́n kó Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Súrùlérè

Agbalata ni mo wà lónìí, l'Àgbádárìgì. Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ onílùú ni pé: ilé tí ìjọba kọ́ sí Idale, ta ni wọ́n kọ́ ọ fún?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ọdún 1955. Lọ́dún náà ni LEDB, àjọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ bíi 70 éékà ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Òmìnira ń bọ̀, àwọn olóṣèlú ò sì fẹ́ kí àlejò bá olú ìlú ní wúruwùru.

Ká sòótọ́, wọn ò kàn lé èèyàn síta. Wọ́n kọ́ ilé sí Súrùlérè, ìjọba sì ń bá wọn gbé lára owó ilé náà.

Àmọ́ Peter Marris, onímọ̀ kan láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ sọ̀rọ̀, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ẹni tó ń gbé nílé ẹbí kì í san kọ́bọ̀. Ní Súrùlérè, bóṣù bá ti parí, owó ilé dé nìyẹn, bó ti wù kó kéré tó. Ìyá tó ń pàtẹ sẹ́nu ọ̀nà ilé pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Afárá Carter nìkan ló wọ erékùṣù nígbà náà, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Àwọn àgbà tí ọmọ ń yà kí láràárọ̀ di ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ló dùn mí jù, torí kò sẹ́ni tó fi í kún ìṣirò.

Ilẹ̀ wọn ńkọ́? Wọ́n ní onílẹ̀ lè rà á padà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fẹ́ tà á ju owó gbà-má-bínú tí wọ́n san fún un lọ. Díẹ̀ ló padà síbẹ̀.

(Ti Jákàńdè, gómìnà láti 1979 sí 1983, tó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri, di ọjọ́ mìíràn.)

Ó wá kan Idale. Lábẹ́ ètò san-díẹ̀-díẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, èèyàn lè fi ìdá 5 nínú 100 owó ilé wọlé, kó máa san ìyókù fún ọdún 10. Wọ́n á béèrè ìwé owó orí. Ìyá tó ń ta àgbọn l'Agbalata, tó ń gbé nílé ẹbí, ǹjẹ́ ó ní in?

Àwa ọmọ tá a ní fóònù lọ́wọ́ la máa bá a kún fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ bá a ṣírò owó kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ dé ọjà, àlọ àti àbọ̀, lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ “submit”.