Káàdì èsì ìdánwò nìkan kò tó: Bí òbí ṣe lè mọ ohun tó ń lọ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọmọ rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú olùkọ́ wà lára igba ojú náà, nítorí pé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni ọmọ ń wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ni kì í gbọ́ ohunkóhun nípa ohun tí olùkọ́ ń rí lára ọmọ wọn, àfi ìgbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá parí, tí ọmọ sì mú káàdì èsì ìdánwò wálé. Lọ́jọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Ipò kelòó lo mú?" Bó bá jẹ́ ipò kẹta, wọn a pa adìyẹ. Bó bá jẹ́ ipò kejìlélógún, ẹkún ni. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, káàdì ti wọ abẹ́ àpótí, kò sì sẹ́ni tí yóò tún wò ó mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé ipò kò sọ bóyá ọmọ mọ̀wé kà. Bí ogójì ọmọ bá wà nínú kíláàsì kan, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ló lè ka ojú ewé kan já, ẹni tó mú ipò kẹwàá lè má mọ̀wé kà rárá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi dé ìkarùn-ún, láìsí ìfura kankan nílé. Ọjọ́ tó bá fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama ni àṣírí yóò tú. Ìròyìn tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lò mọ́. Nítorí náà ló ṣe yẹ kí gbogbo òbí mọ àwọn ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti ilé ẹ̀kọ́ wá sílé, kí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń lò wọ́n kí sáà tó parí.

IBI TÍ ÀṢÀ NÁÀ TI WÁ

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò wọ kíláàsì rí láyé wọn ló fi ọmọ ránṣẹ́ sílé ìwé. Wọ́n fọkàn tán tíṣà pátápátá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bẹ̀ ẹ́ kò ju pé kó má ṣe dá ẹgba sí, kó bá wọn kọ́ ọmọ náà. Ìfọkàntán yẹn dára, ṣùgbọ́n ó fi àṣà kan sílẹ̀ tí kò tíì tán: pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé kò kan ẹni tí kò kàwé.

Èdè náà tún dá kún un, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ káàdì àti lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀, ìlú Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn wá pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ dúró. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ohun tí òbí lè rí dì mú níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a kò lè sọ ní Yorùbá. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé fún ìyá ọmọ ní èdè tó gbọ́, yóò yé e.

BÍ A ṢE Ń KA KÁÀDÌ

Láti ìgbà tí Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti jáde ní 1977 ni ìjọba ti fi lélẹ̀ pé kì í ṣe ìdánwò ìparí sáà nìkan ni a ó máa fi mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe sí. Ìdí nìyí tí káàdì fi ń ya máàkì àwọn iṣẹ́ àárín sáà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìdánwò ìparí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, 40 ni ti àárín sáà, 60 sì ni ti ìdánwò. Òbí tó bá wo àpapọ̀ nìkan ti pàdánù ìdajì ọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá gba 34 nínú 40, tó wá gba 20 péré nínú 60, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ ìdánwò, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ìdánwò ń bà á, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá láti ọjọ́ yìí wá.

Ibòmíràn tí ó yẹ kí ojú òbí dé ni ibi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ fi ṣí sí, àti iye ọjọ́ tí ọmọ wá. Ìyá tó ń fún ọmọ lówó oúnjẹ láràárọ̀, tó wá rí i lórí káàdì pé ọmọ náà kò dé ilé ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ní láti mọ ibi tí ọmọ ń lọ. Ipò kò lè sọ èyí fún un. Lẹ́yìn náà ni kí ó wo ohun tí olùkọ́ kọ nípa ìwà ọmọ. Ẹni tí kò bá mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, kí ó mú káàdì náà tọ olùkọ́ lọ, kí ó ní kí ó ka gbogbo rẹ̀ fún òun ní Yorùbá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

ÌWÉ ỌMỌ KÌ Í PARỌ́

Káàdì ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ sí ń wọlé. Bí òbí bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ì báà jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, yóò rí ọ̀pọ̀ nǹkan. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kàwé, ojú rẹ̀ yóò rí bírò pupa tí olùkọ́ fi ń máàkì. Bí iṣẹ́ bá wà lójú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí àmì pupa kankan, ó yẹ kí ó béèrè. Bí ojú ìwé bá sì ṣófo nígbà tí sáà ti dé àárín, ó yẹ kí ó béèrè bákan náà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ọmọ ka ìpínrọ̀ kan sókè, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà ní Yorùbá. Ọmọ tó ń há ọ̀rọ̀ sórí kò ní lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún èyí, ìyá lè ṣe é nídìí àdògán, bàbá náà sì lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

ÌPÀDÉ ÒBÍ ÀTI OLÙKỌ́

Ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí P.T.A. jẹ́ ti àwọn òbí àti olùkọ́ nìkan. Èyí tí wọ́n ń pè ní SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́, gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: aṣojú àwọn òbí, olùkọ́, obìnrin ìlú, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ náà lè wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni láti mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ṣaláìní, kí wọ́n ṣètò bí yóò ṣe tẹ̀síwájú, kí wọ́n sì máa ṣọ́ bí owó àti ohun èlò ṣe ń lọ. Òbí tó bá fẹ́ mọ ìdí tí òrùlé kíláàsì fi ń jò tàbí ìdí tí kò fi sí olùkọ́ ní kíláàsì kẹrin, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò gbà.

Ohun tó sábà máa ń ba irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé owó dídá nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì lówó lọ́wọ́ a sá. Ìpàdé tó dára a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ: mélòó ló mọ̀wé kà ní kíláàsì kejì, mélòó ni kì í wá déédéé, kí ló fà á? Kí wọ́n má ṣe fi í sí ọjọ́ ọjà, kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Lóde òní, fóònù náà ti di irinṣẹ́. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa, orí rédíò, tẹlifíṣàn àti fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti rí ẹ̀kọ́ gbà. Síbẹ̀, ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gba WhatsApp kò gbọdọ̀ di ẹni ìgbàgbé. Ìpè ìṣẹ́jú kan tàbí iṣẹ́ tí a rán aládùúgbò lè ṣe é.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin UBE ti ọdún 2004 fi dandan lé e pé kí òbí rí i pé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, kí ó sì parí wọn. Bí wọ́n bá dá òbí lẹ́bi lẹ́ẹ̀kíní, ìbáwí ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ó lè san N2,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀. Òfin kan náà ló sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní àwọn ìpele wọ̀nyí. Ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lòdì sí èyí lè san ìtanràn tí kò ju N10,000 lọ, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, bí wọ́n bá béèrè owó nílé ẹ̀kọ́ ìjọba, ó tọ́ kí òbí béèrè ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí, kí ó sì gba rìsíìtì.

Òfin mìíràn tó wúlò ni èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìsọfúnni lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ṣe ní 2011. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún iléeṣẹ́ láti dáhùn. Ẹgbẹ́ òbí lè fi kọ̀wé béèrè iye tí ìjọba ná lórí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Àkọsílẹ̀ nípa ọmọ ẹlòmíràn kò sí nínú ohun tí wọ́n lè béèrè.

BÍ A ṢE Ń BÁ OLÙKỌ́ SỌ̀RỌ̀

Ẹnu dídùn ló ń yọ obì lápò. Òbí tó bá fi ìbínú wọ kíláàsì, tó ń bú olùkọ́ lójú àwọn ọmọ, ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kí ó dúró di ìgbà tí wọ́n bá jáde, kí ó kí olùkọ́ kú iṣẹ́, kí ó sì béèrè ohun mẹ́ta: kí ni ọmọ mi mọ̀ ṣe dáadáa, kí ni kò tíì yé e, kí ni mo lè ṣe nílé? Òun náà ní ohun tí yóò sọ. Bí ọmọ kò bá ríran dáadáa, bí ó bá pàdánù ẹnì kan, tàbí bí ó bá ń kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, olùkọ́ kò lè mọ̀ bí a kò bá sọ fún un.

Ó ku ti olùkọ́. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ nìkan ló ń ránṣẹ́ pe òbí, ẹ̀rù yóò máa ba òbí láti wá. Olùkọ́ tó bá ránṣẹ́ sílé pé "Ọmọ yín ka ìwé já lónìí" ti fún ìyá ọmọ náà ní ìdí láti tún padà wá.

Nígbà tí sáà yìí bá parí, káàdì yóò tún wálé. Kí òbí gbà á, kí ó wo máàkì àárín sáà, kí ó ka iye ọjọ́ tí ọmọ fi wá, kí ó sì ní kí ọmọ ka ìwé sí òun létí. Kí ó tó wá béèrè ipò.