Aago Chicago Lórí Ìkànnì Ìbàdàn

Bí ẹ bá fi Django kọ́ ìkànnì, tí ẹ kò sì sọ fún un pé aago Èkó ni tiyín, aago Chicago ni yóò máa lò. Ìròyìn tí ẹ gbé jáde ní aago méjì ọ̀sán yóò máa sọ pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Nígbà òtútù tiwọn, yóò ní aago méje. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ tó wá bá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ló ti rò pé kọ̀ǹpútà àwọn ló bàjẹ́. Kò sóhun tó ṣe kọ̀ǹpútà. Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni wọ́n ti bí Django, aago kan náà sì ni Lawrence àti Chicago ń lò. Àwọn tó kọ ọ́ fi aago ilé wọn sí i, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Lóòótọ́, fáìlì settings tí Django ń ṣe fún iṣẹ́ tuntun ti ń gbé UTC lé e lórí, ṣùgbọ́n ẹ pa ìlà yẹn rẹ́ wò: Chicago lẹ ó bá níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ilé ìwé ni mò ń kọ́ ìkànnì fún, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kígbe pé, “Àǹtí, ó tún ti gbé ẹ́rọ̀ wá o,” ìtàn ni mo máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ, kóòdù tí wọ́n máa dà kọ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà Django ló ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó fà á, ẹni tó bá sì mọ ohun tó fà á kì í pẹ́ rí ibi tó yẹ kó tún ṣe.

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni Django ti wá. Ní 2003, Adrian Holovaty àti Simon Willison, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, ń bójú tó ìkànnì Lawrence Journal-World. PHP tí wọ́n ń lò ti sú wọn, wọ́n bá yà sí Python. Iṣẹ́ ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ohun tí ọ̀gá bá béèrè láàárọ̀, nígbà mìíràn ó fẹ́ rí i kílẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí Django fi ní admin tirẹ̀ látilẹ̀ wá, kí akọ̀ròyìn tí kò mọ kóòdù lè máa kọ ìròyìn sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Jacob Kaplan-Moss dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ní oṣù Keje 2005 wọ́n gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi orúkọ Django Reinhardt sọ ọ́, onígìtá tí iná ba ìka méjì jẹ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ní 1928, tí kò sì jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. (Ẹ má pe D iwájú orúkọ náà.)

Ọjọ́ tí a bá fẹ́ fa iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́ ni ojú ọmọṣẹ́ máa ń pọ́n jù. Ní gbogbo ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, DEBUG wà ní True: gbogbo nǹkan ń lọ geere, bí ó bá sì kùnà, ojú ìwé olórí yẹ́lò á jáde, á tọ́ka sí ìlà tí ọ̀ràn wà. Ó yí i sí False bó ṣe yẹ, ìkànnì bá wà níhòòhò, kò sí àwọ̀, àwòrán admin gan-an ti pòórá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Django ti fi àwòrán àti CSS sílẹ̀ fún sáfà tó wà níwájú rẹ̀, irú bíi Apache. Ó kàn ń ṣàánú wa ni nígbà tí DEBUG wà ní True. Ní 2011 ni Django 1.3 mú collectstatic wá, tó ń kó gbogbo wọn jọ sójú kan kí sáfà lè rí wọn; bí ẹ kò bá ṣe é, ìhòòhò náà ni.

Tó bá jẹ́ “Bad Request (400)” ni wọ́n rí ńkọ́? Oṣù Kejì 2013 nìyẹn. Olè lè parọ́ orúkọ ìkànnì fún Django, kí líǹkì tí ènìyàn fi ń pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù sì gba ọ̀dọ̀ olè náà lọ. Láti ìgbà náà ni a ti gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ìkànnì wa sínú ALLOWED_HOSTS. Àwọn kan máa ń fi ìràwọ̀ (*) sí i kí ara lè tù wọ́n. Èmi kì í gbà á.

Ti dátábéèsì kúrú. Kó tó di 2014, syncdb ni a ń lò: ó ń dá tábìlì sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí tábìlì bá ti wà, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù kún àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́, ó di kí ẹ jókòó fọwọ́ kọ SQL. Andrew Godwin kọ South ní 2008 láti yọ wá nínú rẹ̀. Ní 2013 ó tọrọ £2,500 lórí Kickstarter kó lè tún iṣẹ́ náà ṣe sínú Django gan-an, wọ́n sì dá ohun tó ju £17,000 lọ fún un. Django 1.7, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2014, ló gbé migrations tí à ń lò báyìí dé. Ọmọṣẹ́ tó bá ń pa àwọn fáìlì migrations rẹ́ kí àyè lè gbà á, ìwé ẹ̀rí ló ń fà ya. Dátábéèsì ṣì rántí èyí tó ti ṣe. Ẹ tẹ showmigrations ná kí ẹ tó dán ohunkóhun wò.

Èyí tó kàn wá jù ni ti lẹ́tà wa. Lẹ́tà tó kọjá ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún Django àkọ́kọ́ ní wàhálà. Malcolm Tredinnick, ará Ọsirélíà, ló ṣáájú iṣẹ́ tó sọ gbogbo rẹ̀ di Unicode ní 2007, ọdún kan kí Django 1.0 tó jáde. Ó kú ní 2013. Ẹ̀bùn ọdọọdún kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ Python 2 ṣì wà lábẹ́ Django, ẹni tó bá kọ Yorùbá nígbà náà yóò rántí UnicodeDecodeError tó ń sọ pé òun kò mọ báìtì 0xe1. Nínú UTF-8, ẹ, ọ àti ṣ, e1 ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Django 2.0 já Python 2 sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2017, ìyẹn sì rọlẹ̀.

Ó ku èyí tí kò tíì rọlẹ̀. Mo ṣe ìwé atúmọ̀ èdè kékeré fún ilé ìwé kan, ojú ìwé kan fún ọ̀rọ̀ kan. Slugify ló ń sọ ọ̀rọ̀ di àdírẹ́sì. Mo kó ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọwọ̀, owó àti òwò sí i, gbogbo wọn di “owo”, dátábéèsì sì kọ̀ pé UNIQUE constraint failed. Láti 2015 ni Django 1.9 ti ní allow_unicode. Mo ṣí i. Owó àti òwò gba ohùn wọn padà, ṣùgbọ́n ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ di “ọwọ” kan ṣoṣo. Ohun tó fà á ni pé Unicode ní ó gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kò sì ní ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmì ohùn orí ọ dá dúró, slugify sì ń ju ohunkóhun tí kì í ṣe lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí ìlà kékeré nù. Bákan náà ni àpótí ìwákiri: kíbọ́ọ̀dù kan á fi àmì sórí ọ, òmíràn á fi ẹsẹ̀ sí ó, ojú kan náà ni a ó rí, kọ̀ǹpútà á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. Normalize sí NFC kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, àti kí ẹ tó wá a.

Ní ti àdírẹ́sì, mo dá slugify tèmi kọ, àmì sì dúró. Àmọ́ bí òbí bá da àdírẹ́sì náà sórí WhatsApp, %E1%BB%8D ló ń dà. Nọ́ńbà ni mo wá fi ṣáájú, 41-owo, 42-owo, mo sì kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ gàdàgbà sórí ojú ìwé. Olùkọ́ Yorùbá wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ojú ìwé àwọn ọmọ ń ṣí.