Ìka Tí Ó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

Bí ẹnì kan bá jalè ní àdúgbò yín tí ó sì sá lọ, tí àwọn ọlọ́pàá dé tí wọn kò bá a nílé, ǹjẹ́ wọ́n lè mú ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ lọ sí àgọ́ títí òun yóò fi padà wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé wọ́n lè mú wọn, nítorí pé wọ́n ti rí i tí a ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin dáhùn pé rárá o. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé bí ìdáhùn yìí ṣe di òfin, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe fún ẹni tí a bá mú, láti ọjọ́ tí a mú un títí di ọjọ́ ìdájọ́.

Àwọn baba wa mọ ẹjọ́ í dá kí òyìnbó tó dé. Baálé ni í kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ inú agbo ilé. Bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò. Ọ̀ràn ńlá bí ìpànìyàn a sì dé ààfin. Ọba ní àwọn tí ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀: ìlàrí ní Ọ̀yọ́, ẹmẹsẹ̀ ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn Ògbóni ni í dá ẹjọ́ ńlá, Orò ni í sì í mú ìdájọ́ ikú ṣẹ. Wọ́n mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ẹnu tọ̀tún-tòsì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn náà ni wọ́n sọ pé ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Ṣùgbọ́n bí ó ti yẹ kí nǹkan rí ni òwe ń sọ. Ìṣe kì í bá a mu nígbà gbogbo. Ẹ wo ọ̀ràn gbèsè. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ nípa àwọn ológò, tí iṣẹ́ wọn ni láti dógò ti ajigbèsè. Ológò á wọ inú ilé onígbèsè, á jókòó pa, á máa pariwo, á sì máa mú adìyẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí, títí a óò fi san owó. Gbogbo agbo ilé ni ìyà náà ń jẹ. Ní ọ̀nà òwò pàápàá, bí ará ìlú kan bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹlòmíràn láti ìlú náà tí ń kọjá lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohunkóhun nípa gbèsè ọ̀hún.

Ní Ìbàdàn, kí òyìnbó tó gba ìlú, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn ìjòyè bá pa ìmọ̀ pọ̀ kọ ẹnì kan nínú wọn, wọ́n ń retí pé kí ó pa ara rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, wọn óò kó ilé rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ìjòyè kan fi gba ikú, kí ilé wọn má bàa parun. Ìjòyè náà lè jẹ̀bi, ó sì lè má jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọwọ́ tí ó wà nínú ilé rẹ̀ ṣe?

Ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní ọdún náà gan-an ni aṣojú ìjọba wọn kó ọkùnrin 30 jọ láti máa ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní 1863, a ń pe ẹgbẹ́ yìí ní Ẹ̀ṣọ́ Haúsá, nítorí pé Haúsá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn òyìnbó fẹ́ ẹni tí kò ní ẹbí ní ìlú, kí ó má bàa gbè sẹ́yìn ará ìlú. Ní 1896, a dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1930, a da ọlọ́pàá gúúsù pọ̀ mọ́ ti àríwá, wọ́n di Ọlọ́pàá Nàìjíríà. Àwọn ọba àti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní tiwọn lọ́tọ̀, àwọn tí a ń pè ní akódà. Lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba ní 1966 ni a tú àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ká.

Òfin ìwà ọ̀daràn dé ní 1916, òfin bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn sì dé ní 1945. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ni àwọn òfin náà ń bá wí, kì í ṣe ilé rẹ̀. Síbẹ̀, àṣà kì í kú ní ọjọ́ kan. Bí afurasí bá sá, àwọn agbófinró mìíràn a máa mú aya tàbí bàbá rẹ̀ dípò rẹ̀. Ìwà àtijọ́ ni, aṣọ tuntun ni ó wọ̀.

Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, a kọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ìwé òfin ìlú. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀. Ní 1961 ni a rí agbára rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan ní Ìwọ̀ Oòrùn ti dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè. Ilé Ẹjọ́ Gíga fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé kò sí òfin tí a kọ tí ó sọ àgbèrè di ọ̀ràn ìjọba níbẹ̀. Kò sọ pé àgbèrè dára. Ó sọ pé a kò lè fìyà jẹ ènìyàn lórí ohun tí òfin kò kọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀lé ẹni tí a mú, gẹ́gẹ́ bí òfin ìlú ti 1999 ti là á sílẹ̀. Afurasí ni í jẹ́, kì í ṣe ọ̀daràn. Ó lè dákẹ́, kí ó má dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn. Láàárín wákàtí 24, a gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí a fi mú un sínú ìwé fún un, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ tí ó lè gbọ́ ọ̀ràn náà bá wà láàárín kìlómítà 40, a gbọ́dọ̀ gbé e lọ síwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ó di ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́.

A sì lè gba béèlì rẹ̀. Onídùúró ni ẹni tí ó ṣèlérí pé afurasí yóò wá sí ilé ẹjọ́. Bí kò bá wá, onídùúró lè pàdánù owó tí ó fi dúró. Ṣùgbọ́n béèlì kì í ṣe ọjà. A kì í san owó fún ọlọ́pàá kí ó tó fúnni. Ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú yàtọ̀. Adájọ́ àgbà ni í gba béèlì irú rẹ̀.

Ní ilé ẹjọ́, aláìṣẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ títí a óò fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án ni yóò mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí tí kò fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì tí ó nídìí. Bí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́, ògbufọ̀ ni a óò fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wa ńkọ́? Òfin Èkó ti 2007, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015, àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ni ó fi ohùn kan dáhùn: a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò afurasí. Òfin 2015 àti ti 2020 tún sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí ó yẹ̀ lásán. Iṣẹ́ ológò kọ́ ni iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá wá mú ẹnì kan nínú ilé yín, ẹ má ṣe bá wọn jà. Ẹ fi sùúrù béèrè ohun mẹ́ta: kí ni ó ṣe, àgọ́ wo ni ẹ ń mú un lọ, ìgbà wo ni yóò dé iwájú adájọ́? Bí ó bá jẹ́ pé dípò ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ mú un, ẹ sọ fún wọn pé òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tètè wá agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ sọ èyí fún àwọn òbí yín tí kò kàwé.