Ta Ló Máa Sọ Pé "Kò Rí Bẹ́ẹ̀"?

Aṣọ òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bíi 2010 ni àwọn òǹkọ̀wé náà ti ń wá gbé ibẹ̀. Dókítà Wálé Òkédìran, ọmọ ìlú náà, oníṣègùn tó tún ti ṣe ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà, ló dá ilé kan sílẹ̀ fún wọn, Ebedi International Writers Residency. Wọ́n ń wá láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á kọ̀wé, wọ́n á bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣeré ìwé, wọ́n á sì ka iṣẹ́ wọn fún ara wọn.

Kíka iṣẹ́ fún ara ẹni yẹn ló gbà wá lọ́kàn. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ohun tuntun ní Òkè-Ògùn.

Ní 1966, Adébóyè Babalọlá tẹ The Content and Form of Yoruba Ijala jáde, lẹ́yìn tó ti jókòó ti àwọn ọdẹ tó ń sun ìjálà. Ibi tó dùn mọ́ wa jù nínú iṣẹ́ náà ni bó ṣe sọ pé àwọn ọdẹ kì í dákẹ́ fún ara wọn. Bí ẹnì kan bá ń ki oríkì tó sì ṣì í, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n á já lu ọ̀rọ̀ náà lójú agbo. Ẹni yẹn kì í sì í gbà wẹ́rẹ́ o! Á ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Wọ́n á fà á síwá sẹ́yìn. Lójú tiwa, àríyànjiyàn yẹn ló pa oríkì mọ́ láti ìran dé ìran, kì í ṣe ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo.

Gẹ̀ẹ́sì ni Òkédìran fi kọ Tenants of the House, tó pín ẹ̀bùn Wole Soyinka gbà ní 2010. A ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní olóòtú. Ta ni olóòtú ìjálà?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a gba ohùn baba ọdẹ kan sílẹ̀ ní Ṣakí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la ń ṣe, nítorí náà ẹ̀dà mẹ́ta la ṣe, a fi wọ́n sí ibi mẹ́ta. Kò lè sọnù. Ṣùgbọ́n láàárín oríkì náà, baba dúró. Orúkọ méjì ń du ara wọn lẹ́nu rẹ̀, kò mọ èyí tó ṣáájú. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìsẹ́yìn ni ì bá bá òun tún un ṣe, àmọ́ ó ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó tì wá kàn ń mi orí.

Baba wá sun ún lọ́nà méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

A ò tíì mú.