Bébà Fàdákà Inú Páálí Sìgá

Àwọn baba wa máa ń wí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ nípa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí Lee Jung-seob, ayàwòrán ará Kòríà, ẹni tí ebi bá gbé bí ọmọ ìyá fún ọdún mẹ́fà tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé láàárín ọdún mẹ́fà náà gan-an ni ó ya àwọn àwòrán tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń yangàn títí di òní, mo máa ń rí i pé òwe náà ní ẹni tí kò bá mu.

A bí i ní 1916 ní Pyeongwon, ní ìhà àríwá Kòríà, sínú ilé ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ rẹpẹtẹ, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí ìjọba Jàpáánì ti gba ilẹ̀ náà mọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Osan ni ó ti rí olùkọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà dé Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya màlúù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú ẹran ọbẹ̀ wo màlúù yìí o. Akọ màlúù Kòríà, afàyàtúlẹ̀, abìwo-ṣóńṣó, òun ni ó ń túlẹ̀ oko ìrẹsì, òun ni alábàárù, òun sì ni ọrọ̀ tálákà. Nígbà tí àjèjì ń jẹ ọba lé àwọn ará Kòríà lórí, tí wọn kò lè la ẹnu sọ ohun tí ń dùn wọ́n, inú ẹran tí ń ru ẹrù láìwó lulẹ̀ yìí ni wọ́n ti rí ara wọn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ní ìlú Wonsan, ní àríwá níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí a dúró ti màlúù onímàlúù pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fura sí i pé olè ni.

Ní 1936 ó sọdá òkun lọ sí Jàpáánì láti kọ́ iṣẹ́ sí i, ní ilé-ẹ̀kọ́ Bunka Gakuin ní Tokyo ni ó sì ti bá Yamamoto Masako, ọmọ Jàpáánì, pàdé. Ní 1945, nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ bí òjò sórí Tokyo, tí ọkùnrin náà sì ti padà sílé, obìnrin náà sọdá òkun tọ̀ ọ́ wá sí Wonsan. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ọkọ sì fún ìyàwó ní orúkọ ilẹ̀ Kòríà, Lee Nam-deok. Àkọ́bí wọn kú ní ọmọ-ọwọ́, ọmọkùnrin méjì sì tẹ̀lé e.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àríwá àti gúúsù Kòríà ní oṣù kẹfà 1950. Ní oṣù kejìlá òun àti ìdílé rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi sá lọ sí Busan ní gúúsù, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò tún fojú kan ìyá náà mọ́ láyé. Ní 1951 wọ́n dé Seogwipo ní erékùṣù Jeju, wọ́n sì rí yàrá kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mítà onígun-mẹ́rin 5. Tọkọtaya àti ọmọ méjì ni wọ́n ń sùn níbẹ̀; bí ọ̀kan bá yí ìhà padà, àwọn mẹ́ta yòókù gbọ́ sí i. Akàn etíkun àti ewéko òkun ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ní ó máa ń ya akàn láti fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn akàn tí wọ́n jẹ. Síbẹ̀, lójú tèmi, nǹkan bí ọdún kan tí wọ́n lò níbẹ̀ ni ó dùn jù lọ nínú ayé rẹ̀, nítorí pé ẹnu mẹ́rin ṣì ń jẹ nínú àwo kan.

Kánfáàsì kò sí, owó ọ̀dà kò sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ó sì rí i pé bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé sìgá nínú páálí, tí ẹni tó mu sìgá tán yóò jù nù, lè gba àwòrán. Yóò fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà sí i lára, yóò fi ọ̀dà kùn ún látòkè délẹ̀, yóò sì yára nù ún kúrò, kí ọ̀dà lè ṣẹ́ kù sínú ojú ìlà nìkan. Ẹni tó bá mọ ìtàn Kòríà yóò rántí àwọn amọ̀kòkò ayé ìjọba Goryeo, tí wọ́n ti ń fín ara ìkòkò ní ọ̀rúndún kejìlá, tí wọ́n ń fi amọ̀ funfun àti dúdú dí ojú fínfín náà. Ọgbọ́n tí àwọn wọ̀nyẹn lò fún ààfin ọba ni ó lò lórí ohun ìdànù. Ọmọ oníhòòhò, akàn àti ẹja, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ mọ́ra, ni ó sì kún ojú àwọn bébà náà.

Ní 1952 ìyà pọ̀ jù, ìyàwó àti àwọn ọmọ wọkọ̀ lọ sí Jàpáánì. Ní 1953 ó rí ìwé ìrìnnà atukọ̀ gbà, ó lọ bá wọn ní Tokyo. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ó fi padà, wọn kò sì tún rí ara wọn mọ́. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà: bí ó bá ya àwòrán fún ọmọ kan, a ya irú rẹ̀ fún èkejì, kí ìlara má baà wọ àárín wọn. Ibi yìí ni omi máa ń bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn tí ó padà sí Kòríà, ní Tongyeong, ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọ̀nà fífi ìkarahun òkun ṣe àpótí lọ́ṣọ̀ọ́, ni akọ màlúù tún ti jí nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Màlúù Funfun ni mo fẹ́ràn jù. Kò ya irun, kò ya awọ. Egungun ni ó yà, iṣan ni ó yà, pẹ̀lú ìlà tó nípọn bí okùn ìdẹrù, tó yá kánkán bí ọ̀rọ̀ ẹni tí inú ń bí. Orí ẹran náà tẹ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra. Aláṣọ funfun sì ni àwọn ará Kòríà ti ń pe ara wọn láti ayébáyé.

Ní oṣù kìíní 1955 ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìtajà Midopa ní Seoul, pẹ̀lú ìrètí pé owó rẹ̀ ni òun yóò fi wọkọ̀ lọ bá ìdílé òun. Àwọn ènìyàn yìn ín, wọ́n gbé àwòrán lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó náà kò wọlé. Ìpàtẹ tí ó tún ṣe ní ìlú Daegu kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn rẹ̀ dàrú, ó kọ oúnjẹ, ó sì kú ní ilé ìwòsàn kan ní Seoul ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 1956, láìsí ojúlùmọ̀ kan nítòsí. Ní ọdún yẹn kan náà ni Museum of Modern Art ní New York gba mẹ́ta nínú bébà fàdákà rẹ̀, tí ará Amẹ́ríkà kan tó rà wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 2018, ẹyọ àwòrán màlúù rẹ̀ kan ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní bílíọ̀nù 4.7 owó won.

Masako kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ní 2012, nígbà tí ó ti lé ní 90 ọdún, ó tún sọdá òkun náà wá sí Seogwipo, níbi tí ilé ọnà tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ ti dúró nítòsí yàrá tóóró ọjọ́sí, ó sì gbé pátákó ìpòdà tí ọkùnrin náà fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ nígbà èwe wọn lé ilé ọnà náà lọ́wọ́.