Láti Orí Ààlè dé Orí Aṣọ Ìnujú: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Gba Àyè Sílẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ ilé oúnjẹ ní agogo kan ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ohun tí wọn yóò jẹ, nǹkan méjì ni yóò kọ́kọ́ rí. Èkíní ni ìlà gígùn tí àwọn ènìyàn tò síwájú ẹni tí ń bu oúnjẹ. Èkejì ni àwọn àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, ṣùgbọ́n tí aṣọ ìnujú, ìwé tàbí ike omi wà lórí wọn. Àwọn tí wọ́n fi nǹkan wọ̀nyí síbẹ̀ ṣì wà lórí ìlà. Bí ẹni tí ó ti gba oúnjẹ tirẹ̀, tí àwo ọbẹ̀ gbígbóná ń jó o lọ́wọ́, bá fẹ́ jókòó, wọn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ènìyàn wà níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀.

Àwọn kan gbà pé àṣà àtọ̀húnrìnwá ni èyí, pé ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí òyìnbó ni ó wọlé tọ̀ wá. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Ìlà ni ó jẹ́ àlejò láàrin wa. Fífi nǹkan dúró fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ kì í ṣe àlejò rárá. Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ lórí àga ni pé a mú àṣà àtijọ́ kan, a sì gbé e ka orí ohun tí a kò dá a sílẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sínú oko. Ẹni tí ó ṣẹ́ igi ìdáná nínú igbó, tí kò lè ru gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a kó ìyókù jọ sójú kan, a sì pa ààlè sí i. Ààlè náà lè jẹ́ àkísà, ó lè jẹ́ ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, ìgbálẹ̀ tí ó ti gbó tàbí bàtà tí ó ti já. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí èyí tí ó níye lórí nínú wọn. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, David Doris, kọ odidi ìwé lórí ààlè, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, ọ̀rọ̀ àwọn ohun tí ayé ti lò tì tí wọ́n wá di ẹ̀ṣọ́ yìí sì wà lára ohun tí ó yẹ̀ wò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ààlè mọ̀ pé ohun náà ní olóhun. Ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án, bí àkísà náà ti rí ni ayé rẹ̀ lè rí. Ẹ̀rù ni apá kan agbára ààlè. Ìtìjú ni apá kejì.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé kì í ṣe ààlè ni ó sọ igi náà di ti ẹni tí ó ni ín. Òógùn ojú rẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ di tirẹ̀ nígbà tí ó ń ṣẹ́ ẹ. Ààlè kàn ń sọ fún ayé ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ti wúlò fún wa ń bọ̀ níwájú.

Ní ti omi, odò kò béèrè ìlà. Odò fẹ̀. Bí obìnrin mẹ́wàá bá dé etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè pọn omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó jí dé ibẹ̀ ni yóò pọn èyí tí ó tòrò jù. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé omi ẹ̀rọ wọ àwọn ìlú wa, tí wọ́n ri ẹ̀rọ sí ìkòríta fún gbogbo ará àdúgbò, ọ̀ràn yí padà. Ẹnu kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ní. Kì í sì í fi gbogbo ọjọ́ sun omi. Ẹni kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọn kí èkejì tó pọn, ìyẹn nìkan ni ó tó láti bí ìlà.

Ìlà tí àwọn ìyá wa wá tò níbẹ̀ kì í ṣe ìlà ènìyàn. Ìlà garawa àti korobá ni. Ìyá yóò gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdájí, yóò sì padà lọ dáná oúnjẹ àárọ̀. Ẹni tí kò ní garawa tí yóò fi sílẹ̀ a gbé òkúta kalẹ̀, tàbí àfọ́kù ìkòkò. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé òkúta náà ni ó gba ipò. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó gbà á. Kí ìyá tó kúrò nídìí ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ̀yin ta ni ẹ gbẹ̀yìn?" Yóò sì sọ fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e pé, "Ẹ bá mi wo garawa mi o, mo ń bọ̀." Láti ìgbà náà ni ẹlẹ́rìí ti wà fún un, níwájú àti lẹ́yìn. Bí ìlà bá sún, wọn yóò bá a sún garawa rẹ̀. Bí ó bá kàn án tí kò tíì dé, wọ́n lè bá a pọn ọ́n tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹni kan kọjá. Bí ó bá pẹ́ jù, wọn yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní lè bá ẹnikẹ́ni jà.

N kò ní ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n rán wá pọn omi kò ní ẹlẹ́rìí. Àgbàlagbà a fi ẹsẹ̀ ta korobá rẹ̀ kúrò lórí ìlà, a sì fi tirẹ̀ rọ́pò, ọmọ náà kò sì ní lè sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ mọ ọmọ tí ń dé ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìpè, tí aṣọ rẹ̀ tutù láti orí dé èjìká. Kí a tó nà án fún pípẹ́ dé, ó yẹ kí a béèrè ibi tí wọ́n gbé korobá rẹ̀ sí ní òwúrọ̀ náà.

Ìlà ènìyàn, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ ara ẹni dúró lórí rẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà dé ọ̀pọ̀ ibi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó epo rọ̀bì wálẹ̀, àwọn ọjà kòṣeémàní bí ìrẹsì, ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ sì di ohun àwátì. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1983. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, 1984, Ọ̀gágun Tunde Idiagbon, igbákejì Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, kéde ogun lórí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí WAI. Títò lórí ìlà ni ìpele kìíní ogun náà. A kò tíì bí èmi nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ àgbà tí kò lè sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà dúró sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú kòbókò. Ẹni tí ó bá já ìlà, ara rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ a máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níṣojú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ bàbá olómọ mẹ́jọ.

Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn náà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, 1985. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ fi padà sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀: ẹni tí ó bá lágbára ni ó ń wọkọ̀. Ìlà garawa kò bá ṣọ́jà wá, kò sì bá ṣọ́jà lọ. Ní 1994, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 4 oṣù Keje lórí ọ̀ràn ìdìbò June 12, tí epo di góòlù, kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn ènìyàn ní bí wọn yóò ṣe máa to kẹ́ẹ̀gì sí iwájú ilé epo. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ìdí ẹ̀rọ omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 pẹ̀lú, nígbà tí owó náírà ṣọ̀wọ́n nítorí pípààrọ̀ owó, àwọn ènìyàn ń kọ orúkọ ara wọn sínú ìwé ní iwájú báńkì láti ìdájí, wọ́n sì ń fún ara wọn ní nọ́ńbà. Olóògbé Buhari kan náà tí ó fi ṣọ́jà kọ́ni ní títò lórí ìlà ní 1984 ni ó wà lórí àlééfà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ará ìlú ni wọ́n ṣe òfin ìlà fún ara wọn.

Nísinsìnyí, a lè padà sídìí tábìlì. Ní ọ̀pọ̀ búkà àtijọ́, ènìyàn kò nílò láti gba àga sílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò fọwọ́, yóò sì sọ iye òkèlè tí ó fẹ́ àti irú ẹran tí ó wù ú. Ìyá olóúnjẹ yóò gbé e wá bá a. Ibi tí ó jókòó sí ni ó ti di oníbàárà. Àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé ni wọ́n ya ìjókòó àti oúnjẹ nípá. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní Èkó, láti inú àwọn ibi ìjẹun tí ó ti wà nínú ilé ìtajà Kingsway tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, ènìyàn yóò tò, yóò nawọ́ sí ohun tí ó fẹ́, yóò sanwó, yóò gbé àwo rẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó máa wá àga. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti kàntíìn ilé-ẹ̀kọ́ gíga gba ọ̀nà yìí pẹ̀lú. Bí ẹni méjì bá jọ lọ, kò sí wàhálà: ọ̀kan á jókòó, èkejì á tò. Ẹni tí ó dá lọ ni kò ní ẹnìkejì. Aṣọ ìnujú ni ó wá di ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ènìyàn lo ìṣẹ́jú 10 lórí ìlà, tí ó sì fi ìṣẹ́jú 15 jẹun. Bí ó bá ti gba àga kí ó tó lọ tò, ìṣẹ́jú 25 ni àga náà fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 nínú rẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lò ó. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kàntíìn tí ó ní àga 50, àga bí 20 ni yóò máa ṣófo, nígbà tí àwọn tí oúnjẹ ti wà lọ́wọ́ wọn ń dúró. Bí kò bá sí ẹni tí ó gba àga sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àga náà kárí gbogbo wọn. Àìbalẹ̀-ọkàn pé àga kò ní tó ni ó mú kí àga má tó.

Ìlú tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù tí mo mọ̀ ni Síńgápọ̀. Ìjọba ibẹ̀ forúkọ àwọn olóúnjẹ ojú títì bí 18,000 sílẹ̀ ní 1968 sí 1969. Láàrin 1971 sí 1986, wọ́n kọ́ àwọn àgọ́ oúnjẹ ńlá, wọ́n sì kó wọn sínú rẹ̀. Nínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀, ìsọ̀ olóúnjẹ pọ̀, ṣùgbọ́n tábìlì kì í ṣe ti ẹyọ olóúnjẹ kan. Ti gbogbo ayé ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ tò yóò fi páálí pélébé ìnujú oníbébà sórí tábìlì, wọ́n sì ń pe ìṣe náà ní "chope." Kò sí òfin ìjọba tí ó ti í lẹ́yìn, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún un, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kùn. Ní 2020, àjọ UNESCO fi àṣà ìjẹun inú àwọn àgọ́ náà kún àwọn ogún àṣà aráyé. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí ààlè ni bébà náà ṣe rí: ohun tí kò níye lórí, tí olè kò ní mú, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa náà kò jẹ́ fi fóònù rẹ̀ gba àga.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni mo tọ́ka sí ṣáájú. Ẹni tí ó pa ààlè sí igi ti ṣiṣẹ́ lórí igi náà. Kí ni ẹni tí ó fi aṣọ ìnujú sórí àga ṣe sí àga? Kò tíì ra oúnjẹ pàápàá. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni aṣọ ìnujú ní tirẹ̀, kì í ṣe àṣẹ, ẹ̀bẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí a bẹ̀. Bí ẹni tí ń lọ tò bá sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga pé, "Ẹ bá mi wo ibí yìí," tí ó sì jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí ó kàn án, n kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀; ọ̀nà àwọn ìyá ìdí ẹ̀rọ ni ó tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ju ìwé sórí àga mẹ́rin, tí ó sì lọ dúró sí ìparí ìlà, garawa ẹlòmíràn ni ó fi ẹsẹ̀ ta yẹn.

Ó ku ọ̀ràn àgbà. Ìlà kò mọ àgbà, ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa fi ka WAI sí ìwọ̀sí. Àga mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: bí ìyá àgbàlagbà kan bá gbé àwo rẹ̀ dúró láàrin kàntíìn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nítòsí a gbé ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lórí àga láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a ní, "Ẹ jókòó, mà." Nígbà tí ẹni tí ó ni ìwé bá dé, yóò gba ìwé rẹ̀, yóò kúnlẹ̀ kí ìyá náà, yóò sì gbé àwo tirẹ̀ lọ jẹ lórí pèpéle ìta.